Níbo-Lẹ-Dé àti Àǹtí Rífáàsì

Bàtà ẹsẹ̀ kan péré ló wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì ń sá tẹ̀lé tírélà bí ẹni tí wọ́n jí màlúù rẹ̀ gbé. Inú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni awakọ̀bìnrin náà ti rí i. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti já kúrò nínú ṣòkòtò, ó na ọwọ́ kan sókè, nǹkan kan sì ń kọ mànà lọ́wọ́ náà. Ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà ń fò ju èkejì lọ, torí ọ̀sán gangan ni, ilẹ̀ sì ń jóni.

Obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé orí ọkùnrin yìí ti yí. Ó tún rò pé bóyá olè ni. Nígbà tó wá bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé olè kì í fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sá tẹ̀lé ẹni tó fẹ́ jà lólè lójú gbogbo gáréèjì, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ gígùn náà mí kanlẹ̀, ó dúró lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín rèé. Orí tábìlì lẹ gbàgbé ẹ̀ sí. Ẹ ò bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kẹ́ ẹ máa wo ilẹ̀kùn bí ẹni ń wo sinimá."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi ránṣẹ́ sí mi lórí ẹ̀rọ?"

"Mo ránṣẹ́ títí ìka fi ń dùn mí! Ẹ ò dáhùn. Mo wá rí àmì yín lójú máàpù tó ti fẹ́ kan géètì, ni mo bá bẹ́ sílẹ̀ látorí àga. Abẹ́ tábìlì ni bàtà kejì wà."

Ojú ti obìnrin náà díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yí ohùn ẹ̀rọ náà wálẹ̀ pátápátá, torí ariwo rẹ̀ ti sú u. Ó tún ọkùnrin náà wò. "Ẹ dúró ná. Yàrá ìdarí lẹ ti ń bọ̀? Ṣé ẹ̀yin ni Níbo-Lẹ-Dé?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ ń mí gùlegùle. "Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn. Ẹ̀yin náà ni Àǹtí Rífáàsì. Mo máa ń dìde dúró lójú fèrèsé tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn wọlé. Àwọn ọkùnrin á lọ, wọ́n á bọ̀, wọ́n á ṣépè. Ẹ̀yin á kàn wọlé bí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́."

Àǹtí Rífáàsì ti gbọ́ ìyìn rí, àmọ́ kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ látẹnu ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó dúpẹ́, ó sì wakọ̀ lọ. Kò tíì rìn jìnnà tó fi na ọwọ́, tó yí ohùn ẹ̀rọ náà sókè padà.

Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí, òun ni alárinà wọn, nítorí náà ó yẹ ká mọ̀ ọ́n dáadáa. Pákó kékeré onígíláàsì kan ni, ẹ̀gbẹ́ sítíárìn ni wọ́n kàn án mọ́. Òun ló ń sọ fún yàrá ìdarí ibi tí ọkọ̀ dé, bó ṣe ń sáré, àti ìgbà tó dúró. Lójú kọ̀ǹpútà àwọn adarí ọkọ̀, tírélà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì róbótó lórí máàpù, bí èèrà tó ń rìn lára ògiri. Bí adarí bá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rọ á kà á sókè fún awakọ̀ ní ohùn gbígbẹ kan tí kò mọ ẹ̀rín, tí kò mọ ẹkún. Bí ọwọ́ awakọ̀ bá dí, ó lè tẹ èsì tó ti wà nílẹ̀: Mo ti gbéra. Mo ti dé. Ọ̀nà dí. Mo ti gbọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, bọ́tìnì pupa kan wà. Ti pàjáwìrì nìyẹn. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀rọ á tì pa, yàrá ìdarí á sì pariwo títí ẹnìkan nínú wọn yóò fi dé ibi tí ọkọ̀ náà wà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà kà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni èyí tí gbogbo dírẹ́bà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Níbo lẹ dé?"

Àǹtí Rífáàsì páàkì sábẹ́ igi kan, ó tẹ èsì pé, "Ẹ̀yin náà ń wò mí lójú máàpù. Kí lẹ tún ń béèrè sí?"

Èsì yára dé. "Máàpù ń sọ ibi tí ọkọ̀ dé. Kò sọ bí ẹni tó wà nínú ẹ̀ ṣe wà. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan níwájú ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí láti yàrá ìdarí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí òjò bá ti sọ ọ̀nà kan di ẹrọ̀fọ̀, Níbo-Lẹ-Dé á ti gbọ́ látẹnu àwọn tó wà níwájú, á ní kó gba ibòmíì. Bó bá kù díẹ̀ kí ó rẹ̀ ẹ́, á ní, "Ẹ yà sápá ọ̀tún lẹ́yìn ilé epo. Ibòji wà níbẹ̀, kò sí ariwo." Bó bá sì wà lẹ́nu oorun ìsinmi, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan tí í wọlé, nítorí ọkùnrin náà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà fún gbogbo wọn bí adènà. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ náà gan-an. Ìbéèrè tí àwọn tó kù fi ń bínú wá di ohun tí Àǹtí Rífáàsì ń dúró dè. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé, a máa wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó gbé omi sórí iná tó ń retí kó hó.

Lọ́jọ́ kan tó padà dé gáréèjì, ó gòkè lọ sí yàrá ìdarí fún ìgbà àkọ́kọ́. Yàrá náà kéré ju bó ṣe rò lọ: kọ̀ǹpútà mẹ́rin, fáànù kan tó ń mi orí, ife tíì lórí gbogbo tábìlì, máàpù ńlá tó gba ògiri kan tán. Níbo-Lẹ-Dé jókòó síbẹ̀, ó bọ́ bàtà méjèèjì sábẹ́ tábìlì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bó ṣe rí obìnrin náà, ó fi ẹsẹ̀ wá wọn kiri bí ẹni tí bíréèkì já lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí wọn.

Àǹtí Rífáàsì gbé páálí kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàtà awọ oníokùn ló wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ń wọ̀.

"Kí lèyí?"

"Bàtà ni. Ẹni tó bá fẹ́ máa sá tẹ̀lé tírélà, kó yáa múra."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ọ pé tírélà ni mò ń sá tẹ̀lé?"

Àwọn adarí yòókù tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà wọn bí ẹni tí kò gbọ́, etí wọn sì ń gùn. Àǹtí Rífáàsì, tó lè fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ gígùn wọ inú ihò eku, kò mọ ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ̀rín ló fi jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, omi ọṣẹ ń ṣàn kọjá níwájú wọn. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti sọ ọ́ tọ́rọ̀ fi tán. "Mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò sì fẹ́ ṣe é lábẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí n wá rí bàbá rẹ."

"Èmi náà fẹ́ràn rẹ," Àǹtí Rífáàsì dáhùn kíákíá, ó sì tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. "Àmọ́ kí o jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀."

Ó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà, ìdajì ìgbà èwe rẹ̀ ló lò níwájú ọkọ̀ bàbá. Bàbá ló kọ́ ọ ní rífáàsì. Ó máa ń ní, "Má wo ibi tí o ti ń bọ̀, wo ibi tí ìdí ọkọ̀ ń lọ." Kò sí ohun tí Àǹtí Rífáàsì lè ṣe lẹ́yìn bàbá yìí. Bí bàbá bá ní kò sí ọkọ, kò sí ọkọ nìyẹn, òun náà sì mọ̀ pé inú òun á gbọgbẹ́ títí ayé.

Bàbá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìdùnnú títí ó fi dé ibi iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe. Ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Adarí ọkọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi."

"Bàbá, ẹ ò tíì rí i."

"Mo ti rí irú ẹ̀." Ó fi ọwọ́ lu ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó ń wọ́ nílẹ̀ láti ìgbà tí Àǹtí Rífáàsì ti gbọ́njú. "O mọ̀ pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣe mí báyìí. N ò sọ ìyókù fún ọ rí. Oorun ń kùn mí lọ́jọ́ náà. Mo pe adarí lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ sùn díẹ̀. Ó ní ẹrù ò mọ̀ pé oorun ń kùn mí, kí n máa bọ̀. Mo gbọ́ tiẹ̀, mo ń bọ̀. Kòtò ló gbà mí. Orí ibùsùn ọsibítù ni mo wà tí wọ́n fi pè é, tí wọ́n bi í léèrè. Ó wo ojú mi báyìí, ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá tún fi ọwọ́ lu ẹsẹ̀ náà. "Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kọ́ ló dùn mí jù. 'Mi ò sọ bẹ́ẹ̀' yẹn ni. Ọmọ mi ò ní fẹ́ irú wọn láéláé."

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àǹtí Rífáàsì kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Níbo-Lẹ-Dé, ó rò pé á bínú. Kò bínú. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Mi ò lè ní kí bàbá máà sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ ara wọn." Ó tún fi kún un. "Ṣùgbọ́n mi ò lọ síbì kankan."

Láti ìgbà náà, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àǹtí Rífáàsì kò lè kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mọ́, kò sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìfẹ́, nítorí náà bọ́tìnì nìkan ló ń tẹ̀. Mo ti gbéra. Mo ti dé. Ọkùnrin náà á béèrè pé, "Níbo lẹ dé?" Òun á tẹ̀ pé, "Mo ti gbọ́." Èsì tí kò bá ìbéèrè mu, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lọ́kàn wọn méjèèjì.

Báyìí ni wọ́n wà títí ẹsẹ̀ bàbá fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, tí wọ́n ní kó lọ rí dókítà egungun ní ìlú kejì. Iléeṣẹ́ yọ̀ǹda fún Àǹtí Rífáàsì láti fi ọkọ̀ gbé e lọ gbé e bọ̀. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wálé, fóòmù ibùsùn ló kún inú tírélà náà dé òkè, ilé ìtura tuntun kan ló ń retí rẹ̀. Ẹrù tó ga, tí kò wúwo. Afẹ́fẹ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti àárọ̀, ó ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n sìn gbèsè. Nígbà tí wọ́n fi máa débi afárá gígùn tó wọ ìlú, tí gáréèjì wà lódì kejì rẹ̀ gan-an, ọkọ̀ náà ti ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. "Gbogbo ọkọ̀, ẹ má gun afárá o. Ìjì yìí lè dojú tírélà dé. Ẹ páàkì síbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ dúró."

Àǹtí Rífáàsì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn tírélà mìíràn ti wà níbẹ̀, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá yọ ṣùtì. "Ní báyìí ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró. Tó bá ṣe díẹ̀, ọ̀gá á pariwo, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa bọ̀. Tí ọkọ̀ bá ṣubú, wọ́n á ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ pa ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá ara ọkọ̀. Wọ́n jókòó báyìí fún ìgbà díẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun kan. Nínú yàrá ìdarí, bí adarí bá ti kọ̀wé sí gbogbo ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ yí i padà kó tó kọ̀wé sí ẹyọ ọkọ̀ kan. Bí kò bá yí i padà, gbogbo ọkọ̀ ni yóò tún gbọ́, wọn á sì máa gbọ́ èsì ara wọn. Wọ́n ń kọ́ àwọn adarí ní èyí lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Níbo-Lẹ-Dé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ti kún, ìka ò lè dúró de orí.

Ẹ̀rọ gbé ohùn gbígbẹ rẹ̀ sókè: "Ìwọ ni mò ń kọ èyí sí, kì í ṣe ọkọ̀ rẹ. Ọ̀gá ní kí n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, pé ilé ìtura ń pariwo. Mo ti sọ fún un pé mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Má gbéra. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo dá ọ dúró. Bí wọ́n bá máa lé ẹnìkan, èmi ni wọn á lé. Mo mọ̀ pé Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó tún ní òun ò sọ ọ́ ló ba gbogbo wa lórúkọ jẹ́. Adúmáradán mi, bàtà tó o rà fún mi wà lábẹ́ tábìlì níbí, n ò tíì wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ wá kí Bàbá ni mo fi í pa mọ́ dè. Mo ṣì fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Bí Bàbá bá ní kí n dúró fún ọdún pípẹ́, màá dúró."

Àǹtí Rífáàsì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ooru gba ara rẹ̀ láti ọrùn dé etí. Kò lè wo ẹ̀gbẹ́ tí bàbá wà. Ó ṣì ń wá ohun tí yóò wí nígbà tí ẹ̀rọ tún sọ̀rọ̀.

"Mo ti gbọ́," ó ní, láti ọkọ̀ kan tó wà níwájú.

"Mo ti gbọ́." Ọkọ̀ mìíràn nìyẹn.

"Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́."

Háà! Gbogbo ọkọ̀! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èyí sì ti fọ́ sínú gbogbo tírélà iléeṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àǹtí Rífáàsì rí awakọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ tó yọ orí lójú fèrèsé, tó ń fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Àgbà awakọ̀ kan tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọlé: "Adúmáradán, dá ọmọ ènìyàn lóhùn o!" Òmíràn ní, "Kí ó kọ́kọ́ wọ bàtà ná." Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀ wọlé: "Ta ló ń fi ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tọrọ ìyàwó?"

Bó ṣe ń kà á tán ni pátákó ńlá tó wà lórí afárá já, tó ṣubú gbàgà sáàárín ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ ìbá ti wà ká ní wọ́n ti gbéra. Gbogbo awakọ̀ ló rí i. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ó ṣe díẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá tún wọlé, kò gùn: "Gbogbo ọkọ̀, ẹ dúró bí adarí ṣe wí."

Bàbá kò wo pátákó náà. Ẹ̀rọ ló tẹjú mọ́. "Jẹ́ kó tún ti àkọ́kọ́ yẹn kà."

Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ohùn gbígbẹ náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Ó ní kó o sọ pé òun ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí wọ́n tó bi í? Láìtíì sí ìjàǹbá rárá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ síwájú. "Ibo ni wọ́n ti ń dáhùn? Mo fẹ́ bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀." Kí ọmọ rẹ̀ tó lanu, bàbá tí kò rí nǹkan dáadáa láìsí awò ojú ti fi àtàǹpàkò rẹ̀ ńlá tẹ bọ́tìnì tó rí kedere jù níbẹ̀. Pupa ni.

"Bàbá! Pàjáwìrì nìyẹn!"

Ojú ẹ̀rọ pọ́n, ó sì tì pa. Àǹtí Rífáàsì fa fóònù yọ, ó pe Níbo-Lẹ-Dé. Ó dún, ó dún, kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó mọ̀ pé àmì kan ti di pupa lójú máàpù, ó sì mọ ẹni tí yóò ti bẹ́ sílẹ̀ látorí àga.

Wọn kò dúró pẹ́. Láti ojú gíláàsì iwájú ni wọ́n ti rí i lórí afárá, ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di irin náà mú lọ́wọ́ kan, ìjì ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí àsíá, ó sì ń sáré pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó ń fò díẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan. Àwọn awakọ̀ ti ń jáde láti inú ọkọ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ìgbà tí ẹṣin bá fẹ́ borí nínú ìdíje. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ilẹ̀kùn Àǹtí Rífáàsì ló fà ṣí.

"Kí ló ṣe ọ́? Ṣé o fara pa? Bàbá ńkọ́?"

Àǹtí Rífáàsì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó kàn na ìka sí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Bàtà awọ tuntun wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní ẹsẹ̀ òsì, kò sí nǹkan kan àfi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti eruku.

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́," bàbá ní láti ìjókòó kejì. "Àṣìṣe ni. Ta ni ọ́?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọ̀nà pẹ̀lú ìjì tó ń fẹ́. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Èmi ni adarí ọkọ̀ tẹ́ ò fẹ́."

"Dìde. Bàtà kejì dà?"

"Mò ń wọ̀ wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ pariwo, Bàbá. Ọ̀kan ni mo rí wọ̀."

Bàbá rọra sọ̀ kalẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì sáré yí ọkọ̀ po láti dì í mú. Ó dúró níwájú ọkùnrin náà, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí ẹ̀rọ yẹn. Bí ọ̀gá rẹ bá pè ọ́ lọ́la, tó ní ṣé lóòótọ́ lo kọ àṣẹ òun, kí lo máa sọ?"

"Màá ní mo kọ̀ ọ́, Bàbá. Èmi ni mo sọ ọ́. Kò sí bí mo ṣe lè sẹ́ ẹ, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́."

"Tí wọn ò bá gbọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìwọ àti awakọ̀ kan ṣoṣo lẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọkùnrin náà wo Àǹtí Rífáàsì. "Bàbá, èmi rò pé òun nìkan ló ń gbọ́."

Bàbá gbé ojú kúrò, ó wo afárá fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ti ara ọkọ̀, ó tẹ̀ ba, ó sì tú okùn bàtà òsì rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó bọ́ ọ, ó gbé e fún ọkùnrin náà.

"Wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ tèmi yìí ò tún sáré lọ síbì kankan mọ́. Ìwọ ṣì ní ẹni tí wàá máa sá tẹ̀lé."

Níbo-Lẹ-Dé fi ọwọ́ méjèèjì gba bàtà náà. Àǹtí Rífáàsì kúnlẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ àti eruku kúrò, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi bàtà bàbá rẹ̀ bọ ẹsẹ̀ olólùfẹ́ rẹ̀. Bàtà náà fún un díẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò fún òun rárá.

Ọkùnrin náà gun iwájú ọkọ̀, ó fi nọ́ńbà ìdarí rẹ̀ ṣí ojú ẹ̀rọ tó ti tì pa. Bó ṣe ṣí ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọkọ̀ tó wà níwájú, láti ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn, láti àwọn tó jìnnà tí wọn kò tilẹ̀ rí afárá lójú. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi í. Ohùn gbígbẹ náà ń kà á, kò dákẹ́:

"Àǹtí Rífáàsì, níbo lẹ dé? Níbo lẹ dé? Níbo lẹ dé?"

Obìnrin náà wo bàbá rẹ̀, tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti ọ̀kan tí kò wọ̀, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bàbá mi orí sí i. Ó wo ọkùnrin tó jókòó níwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó gòkè lọ bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ kejì ló fi kọ èsì. Kò tẹ bọ́tìnì tó wà nílẹ̀. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, sí gbogbo ọkọ̀.

"Mo ti délé."

Họ́ọ̀nù àkọ́kọ́ dún níwájú, èkejì gbà á lẹ́yìn, ó sì ràn bí iná títí gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà náà fi ń dún. Bàbá na apá sókè láti ìsàlẹ̀, ó ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ òun. "Ẹ fà mí gòkè o! Ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀!"

Àwọn méjèèjì na ọwọ́ sí i, wọ́n fà á gòkè.